Àwòrán bàbá wa kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà, HEIC ló wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀

Àbíkẹ́_Ṣábọ̀ọ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa àwòrán fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ Ẹtì yìí la fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwòrán wọn tó dára jù lọ, àbúrò mi tó wá láti Èkó ló yà á ní Kérésì tó kọjá, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín síwájú kámẹ́rà! A ò ní òmíràn tó tó o.

iPhone ni àbúrò mi fi yà á. Ó fi okùn so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì, mo sì gbé fíláàṣì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ bánà àti ìwé ètò ní Tákìẹ́. Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ó ní àwòrán ti bàjẹ́, pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ fíláàṣì. Ó tún fi wọ́n hàn mí: àwọn fáìlì kéékèèké kan tí AAE wà lẹ́yìn orúkọ wọn. Ó ní àwọn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì náà, kí n san ẹgbẹ̀rún márùn-ún kó bá mi tún un ṣe.

Àwọn àwòrán fúnra wọn, HEIC ló wà lẹ́yìn orúkọ wọn. Nígbà tí mo délé, mo pa HEIC rẹ́, mo kọ JPG síbẹ̀. Kò ṣí náà. Bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àbúrò mi, ó ń ṣí kedere. Ṣé lóòótọ́ ló ti bàjẹ́?

Olóyè_Fíláàṣì · Ọjọ́ Ajé, 8:10 àárọ̀

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ. Èmi náà ti rí AAE rí. Ẹ fọ gbogbo fíláàṣì yẹn nù, kí ẹ tó kó nǹkan míì sí i. Tó bá wọ kọ̀ǹpútà yín, ó parí.

Títí_Ọmọ_Ṣọ̀ún · Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Kí àbúrò yín fi WhatsApp ránṣẹ́. Yóò di JPG kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Bàbá_Fọ́tò · Ọjọ́ Ajé, 8:41 àárọ̀

ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌ FÍLÁÀṢÌ KANKAN NÙ O.

Àbíkẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Àwòrán yín kò bàjẹ́. Bó bá ń ṣí kedere lórí fóònù tí wọ́n fi yà á, ojúlówó rẹ̀ wà láìséwu.

Láti ìgbà fíìmù ni mo ti ń ya fọ́tò nílùú yìí, nígbà tí a ṣì ń fọ̀ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí òórùn oògùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, JPEG, òun náà ni JPG, sì di èdè tí gbogbo ayé ń sọ. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sí fóònù tí kò gbọ́ ọ. Láti ọdún 1992 ló ti wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí Apple gbé iOS 11, ètò tó ń mú iPhone ṣiṣẹ́, jáde, wọ́n ní iPhone 7 àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa fi irú fáìlì tuntun kan, HEIC, tọ́jú àwòrán, àfi bí ẹni tó ni ín bá sọ pé òun kò fẹ́. Ìdí rẹ̀ ni àyè. Àwòrán kan náà, tó bá gba mẹ́gábáìtì mẹ́rin ní JPEG, HEIC lè gbà á sínú bíi méjì, ojú yín ò sì ní rí ìyàtọ̀.

Ẹ̀rọ ọmọ yẹn kò gbọ́ HEIC ni. Ẹ wò ó: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ bánà níbí ló ṣì ń lo CorelDRAW àtijọ́, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to bánà. X7 ni ti èyí tí mo sábà máa ń bá pàdé, ọdún 2014 ló sì jáde. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní 2017? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà pé kò mọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó fẹ́ gbà lórí ohun tí kò mọ̀ ni mo bá a wí sí.

AAE kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Bí ènìyàn bá tún àwòrán ṣe lórí iPhone, bóyá ó gé etí rẹ̀ tàbí ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, fóònù kì í pa ojúlówó rẹ́. Ó máa ń kọ ohun tí ẹ ṣe sínú fáìlì kékeré yẹn. Àkọsílẹ̀ lásán ni. Bí ẹ bá sì rí MOV tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àwòrán, Live Photo nìyẹn, fídíò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó bá a rìn.

Ní ti orúkọ tí ẹ yí padà: ẹni tó kọ "èlùbọ́ iṣu" sára àpò gbágùúdá, láfún náà ni yóò rí nínú ìkòkò. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà sí HEIC.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ sọ fún àbúrò yín kó lọ sí Settings, kó wọ Photos, kó lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Yóò rí Transfer to Mac or PC. Kó mú Automatic, kó tún so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tún un kó. Bí fóònù bá ṣe ń fi í ránṣẹ́ ni yóò máa yí i padà sí JPEG fúnra rẹ̀.

Láàpútọ́ọ̀pù_UnderG · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, kí n sì tún kan ṣe. Lórí iOS 18, ẹ ò ní rí Photos ní ojú ìwé àkọ́kọ́ Settings mọ́. Inú Apps ló wà, ìsàlẹ̀ pátápátá.

Èkejì, mo mọ ìdí tí HEIC fi bọ́ sórí fíláàṣì yẹn. Automatic ni fóònù máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Windows, tí àwòrán bá pọ̀, ó máa ń dá dúró láàárín ọ̀nà, á ní "A device attached to the system is not functioning". Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ ni pé kí ẹ yí i sí Keep Originals, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n HEIC ni gbogbo rẹ̀ yóò wá jẹ́. Mo ta kọ́bọ̀ pé ohun tí àbúrò yín ṣe nìyẹn. Tó bá padà sí Automatic, kó má kó ẹgbẹ̀rún àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Kó mú èyí tí ẹ nílò nìkan.

Tòlú_Ọ̀yọ́Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 9:33 àárọ̀

Kí ló dé tí ẹ fi ń gba ọ̀nà jíjìn? Settings, Camera, Formats, Most Compatible. JPEG ni gbogbo rẹ̀ yóò máa jẹ́.

Láàpútọ́ọ̀pù_UnderG · Ọjọ́ Ajé, 9:36 àárọ̀

@Tòlú, àwòrán tí ẹ bá yà lẹ́yìn tí ẹ ti yí i ló máa jẹ́ JPEG. Kò kan èyí tó ti wà nílẹ̀. Bàbá sì ti lọ, a ò lè tún wọn yà.

Tòlú_Ọ̀yọ́Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Áà. Ẹ má bínú. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Aláṣọ_Àkẹ́sán · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Kódà fún ti ọjọ́ iwájú, mi ò gba ti Most Compatible yẹn. Aṣọ òkè ni mò ń tà, ojoojúmọ́ ni mò ń ya ọjà mi fún àwọn oníbàárà. Ọmọ kan yí i fún mi lọ́dún tó kọjá, kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí fóònù fi ní òun ti kún. 64 gíga ni fóònù mi, mi ò lówó ńlá. Mo dá a padà sí High Efficiency, ìyẹn HEIC, mo rí ìmí mí. Fọ́tò tí mo fẹ́ tẹ̀ jáde kò ju méjì lọ́dún. Ṣé torí méjì ni n ó ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún kan wú?

Ẹ sì tún mọ̀ pé tí ẹ bá mú Most Compatible, fídíò 4K tó ń lo fíréèmù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kò ní ṣeé yà mọ́. Ọkọ mi ló rí i, ó fẹ́ fi ya eégún.

Bàbá_Fọ́tò · Ọjọ́ Ajé, 10:30 àárọ̀

@Aláṣọ, tiyín dára fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lọ ya ìkómọ tàbí ìgbéyàwó, tó mọ̀ pé òun máa fún àwọn ènìyàn ní àwòrán lọ́jọ́ kejì, kó yí i sí Most Compatible láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó dá a padà tí òde bá tú. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Aláṣọ_Àkẹ́sán · Ọjọ́ Ajé, 10:34 àárọ̀

Ta ló máa rántí dá a padà, Bàbá?

Àbíkẹ́_Ṣábọ̀ọ́ · Ọjọ́ Ajé, 12:17 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Mo ti dá orúkọ padà sí HEIC. Ìṣòro tó kù ni pé àbúrò mi ti padà sí Èkó láti àárọ̀ Àìkú, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gba àwòrán ní ibi ìtẹ̀wé. Fíláàṣì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú Tecno mi. Ṣé WhatsApp tí @Títí sọ yẹn ò ní ṣe é?

Títí_Ọmọ_Ṣọ̀ún · Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Mo ti sọ.

Láàpútọ́ọ̀pù_UnderG · Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Yóò ṣe é fún ìwé ètò, tí àwòrán inú rẹ̀ kò bá tóbi. Fún bánà, rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Àwòrán iPhone tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 12 gùn tó píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán) 4032, ó fẹ̀ tó 3024. Tí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ó máa ń gé e kúrú. Àwọn tí mo yẹ̀ wò kì í sábà ju 1600 lọ ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Ìwé tí wọ́n máa mú lọ́wọ́ kà, píksẹ́ẹ̀lì 300 ni wọ́n máa ń fẹ́ ní ínǹṣì kan. 1600 tí a bá pín in sí 300, ó jẹ́ bíi ínǹṣì márùn-ún. Ó tó ojú ìwé ètò kékeré. Ti 4032 jẹ́ ínǹṣì mẹ́tàlá lé díẹ̀.

Bánà yàtọ̀, ìta gbangba ni wọ́n ti ń wò ó, nítorí náà bíi 72 ní ínǹṣì kan lè tẹ́ ọ lọ́rùn. 4032 á fún yín ní ínǹṣì 56, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ lé díẹ̀. Ti WhatsApp á fún yín ní ínǹṣì 22 péré. Tí wọ́n bá wá fà á tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ojú Bàbá á dà bí ẹni tí wọ́n rí láti inú omi.

HD wà lórí WhatsApp báyìí, láti 2023. Ó sàn jù, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń fún àwòrán pọ̀.

Rẹ̀mí_Adéníkẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 1:02 ọ̀sán

Tecno yín lè ṣí HEIC fúnra rẹ̀ o, tó bá jẹ́ Android 9 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti fi í sí i. Ẹ ra okùn OTG, kí ẹ fi fíláàṣì sí i, ẹ wò ó.

Kì í sì í ṣe iPhone nìkan ló ń ṣe èyí. Samsung mi náà ní i nínú Settings kámẹ́rà, High efficiency pictures ló ń jẹ́. Ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́, ó di ọjọ́ tí mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ kan kí n tó mọ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún mi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀.

Wálé_Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán

Kó má lọ ra OTG. Lórí láàpútọ́ọ̀pù Windows 10, ẹ lọ sí Microsoft Store, ẹ wa HEIF Image Extensions, ọ̀fẹ́ ni. Ó tán.

Láàpútọ́ọ̀pù_UnderG · Ọjọ́ Ajé, 1:31 ọ̀sán

Kò tán o, ẹ̀gbọ́n. HEIF, tí HEIC jẹ́ irú rẹ̀ kan, jẹ́ àpótí lásán, HEVC ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ká àwòrán sínú rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ yẹn á ṣí àpótí. Ẹ ṣì nílò HEVC Video Extensions kí àwòrán tó lè hàn, èyí kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Sẹ́ǹtì 99 ti Amẹ́ríkà ni, torí pé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wà lórí HEVC, ẹni tó bá lò ó ní láti san nǹkan fún àwọn tó ni ín. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò gba dọ́là, ibẹ̀ ni yóò dúró sí.

Ìdí tí HEIC fi kéré nìyẹn náà. JPEG máa ń gé àwòrán sí àpótí wẹ́wẹ́, píksẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ní mẹ́jọ, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀. HEVC lè mú 64 ní 64 níbi tí nǹkan ò bá ti yí padà, bíi ojú ọ̀run tàbí ògiri, ó sì máa ń fi àdúgbò píksẹ́ẹ̀lì sọ ohun tó yẹ kó wà nínú èyí tó kàn. Ọgbọ́n fídíò ni wọ́n fi ṣe àwòrán.

Ẹni tí kò fẹ́ sanwó, GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí HEIC láti ẹ̀dà 2.10.2. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Export As, ẹ kọ .jpg sí ìparí orúkọ rẹ̀, ẹ gbé dídára rẹ̀ sí 95.

Wálé_Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Ajé, 1:50 ọ̀sán

Mo gbà. Tèmi ti ní HEVC tẹ́lẹ̀ ni mi ò ṣe mọ̀. PNG, irú fáìlì àwòrán míì yẹn, ńkọ́? PNG kì í sọ ohunkóhun nù.

Bàbá_Fọ́tò · Ọjọ́ Ajé, 2:15 ọ̀sán

PNG kì í sọ nǹkan nù, ṣùgbọ́n kì í dá èyí tó ti sọnù padà. Àwòrán yìí ti fúnpọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Tí ẹ bá yí i sí PNG, fáìlì náà á wú dé bíi mẹ́gábáìtì 20, ojú Bàbá ò ní mọ́ ju bó ṣe wà lọ. PNG dára fún ìkọ̀wé, àmì ilé iṣẹ́, àti àwòrán ojú fóònù fúnra rẹ̀ (screenshot). Fún ènìyàn, JPEG tó dára.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ṣí JPEG, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n tún ṣí i. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi í pamọ́ ló ń ta nǹkan nù. HEIC inú fíláàṣì yẹn ni ojúlówó, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Rẹ̀mí_Adéníkẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 2:40 ọ̀sán

Ẹ sì má gbé e sórí àwọn ìkànnì tó ń sọ pé àwọn ń yí HEIC sí JPG lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn dára o, àmọ́ inú fọ́tò ni nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti yà á máa ń wà tí ẹ ò bá pa á. Ilé yín nìyẹn, àwòrán Bàbá sì nìyẹn. Èmi ò lè fún ẹni tí mi ò mọ̀.

Tòlú_Ọ̀yọ́Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 4:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí san gbèsè mi. Kí àbúrò yín ṣe é láti Èkó, kò nílò kọ̀ǹpútà. Kó ṣí àwòrán nínú Photos, kó mú Copy. Kó lọ sínú áàpù Files, kó di ojú ibi tó ṣófo mú, kó mú Paste. JPEG ló máa bọ́ síbẹ̀, títóbi rẹ̀ ò sì ní dín. Kó wá lọ sí WhatsApp, kó mú Document, KÌ Í ṢE Photos, kó mú u láti inú Files. Bó ṣe wà gan-an ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán báyìí kí n tó kọ ọ́.

Títí_Ọmọ_Ṣọ̀ún · Ọjọ́ Ajé, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ẹ rí i pé WhatsApp náà ni.

Àbíkẹ́_Ṣábọ̀ọ́ · Ọjọ́rú, 3:26 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, ó dé o! Ọ̀nà @Tòlú la gbà. JPG ni, mẹ́gábáìtì mẹ́ta lé, 3024 ní 4032 pé. Mo gbé e dé Tákìẹ́, ó ṣí lójú ẹsẹ̀. Owó bánà àti ìwé ètò nìkan ni mo san.

Ṣùgbọ́n Bàbá dùbúlẹ̀! Bó ṣe ṣí lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi lélẹ̀, agbádá wà ní òsì, fìlà wà ní ọ̀tún. Ọmọ náà wò mí, mo wò ó. Kò sọ fáírọ́ọ̀sì o, ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá_Fọ́tò · Ọjọ́rú, 3:40 ọ̀sán

Kó yí i dìde ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé fóònù dúró, kámẹ́rà ṣì máa ń ya àwòrán ní ìbú, á wá fi àmì sínú fáìlì pé "ẹ yí mi kí ẹ tó wò mí". Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ka àmì yẹn.

Àbíkẹ́_Ṣábọ̀ọ́ · Ọjọ́rú, 4:11 ìrọ̀lẹ́

Ó ti yí wọn dìde. Ó ní kí n fi ọ̀nà Copy àti Paste yẹn ránṣẹ́ sí òun, pé oníbàárà mẹ́ta ló ti lé padà lóṣù yìí. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì, láago mẹ́wàá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ẹ wá bá wa jẹun.

Olóyè_Fíláàṣì · Ọjọ́rú, 9:47 alẹ́

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fọ fíláàṣì ìyàwó mi nù nítorí AAE. Àwòrán ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un.

Láàpútọ́ọ̀pù_UnderG · Ọjọ́rú, 9:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé iPhone tí wọ́n fi yà á ṣì wà, wọn ò sì tíì pa á rẹ́ níbẹ̀?

Olóyè_Fíláàṣì · Ọjọ́rú, 9:53 alẹ́

Ó wà. Ọwọ́ ìyàwó mi ló wà.